Pupa Abẹ́ Ìdérí Epo

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọmọ aráyé ṣe ń fura tó, ẹ gbé ọkọ̀ tí wọ́n tún kùn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé ẹ fẹ́ tà á. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni Awóníyì gbé tirẹ̀ síbẹ̀, ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní sípọ́ọ̀tì káà, tí ara rẹ̀ ń dán ní àwọ̀ aró. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, wọ́n ti bú u gan-an. Ẹnìkan ní ọkọ̀ ọmọ Yahoo ni. Òmíràn ní omi ló gbé e rí lókè òkun. Ẹnìkan tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé kò ní kẹ̀kẹ́ lásán nílé ní kí wọ́n fi mágínẹ́ẹ̀tì kan ara rẹ̀, pé pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ojú àpá ló máa pọ̀ ju irin lọ.

Awóníyì rọra ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni, iṣẹ́ ọkọ̀ kíkùn ló sì ń ṣe láti ìgbà tó ti gba fírídọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà tó wọ Dàda Estate ní Òṣogbo. Tí ẹ bá mú ìdérí ìkòkò lásán lọ bá a, á fojú wò ó lẹ́ẹ̀kan, á sì po ọ̀dà tó bá a mu rẹ́gí láì wo ìwé kankan. Àbùkù kan ṣoṣo tí mo mọ̀ mọ́ ọn ni pé ó lójo. Tó bá rí ọlọ́pàá lójú ọ̀nà, òun ló máa kọ́kọ́ kí wọn, á sì tún kí wọn lẹ́yìn tó bá kọjá tán.

Bí ọkọ̀ náà ṣe dé ọwọ́ rẹ̀ rèé. Oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lékan, tó máa ń ra góòlù lọ́wọ́ àwọn tó ń wa ilẹ̀ ní Ìpérindó, gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù. Pupa ni nígbà náà. Iwájú rẹ̀ ti wó. Lékan ní ẹtu lòun gbá nínú igbó. Nígbà tí Awóníyì tú bọ́ńpà iwájú, ó rí ègé aṣọ kan tó há sẹ́yìn rẹ̀, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwọ̀ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, ó ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́.

Ẹtu kì í wọṣọ. Awóníyì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó di ègé aṣọ náà mọ́wọ́, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì jù ú sínú iná tí wọ́n fi ń sun bébà ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sọ fún Kàósárà ìyàwó rẹ̀ pàápàá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Lékan ní òun ò fẹ́ rí ọkọ̀ náà sójú mọ́, kí Awóníyì mú ohunkóhun tó bá ní wá. Ọ̀pọ̀ náà pọ̀ jù. Awóníyì àti ìyàwó rẹ̀ kó gbogbo ohun tí wọ́n tù jọ, wọ́n rà á. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tún un dá. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ kó sún mọ́ ilẹ̀, ó fi táyà fẹ̀ǹfẹ̀ sí i, ó de ohun kan tó dà bí ìyẹ́ ẹyẹ mọ́ búùtù rẹ̀, ó pààrọ̀ sàlẹ́ńsà rẹ̀ sí èyí tó ń bú ramúramù, mẹkáníìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀, ó tún un tò. Níkẹyìn ló fi àwọ̀ aró bo pupa yẹn. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Àmọ́ láti ìgbà náà, tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá ti ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀ ló máa ń wò.

Lọ́jọ́ Ajé tí mò ń sọ yìí, láàárín gbogbo èébú wọ̀nyẹn, ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní Ọlọ́runyọmí kọ̀wé sí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Àwọ̀ wo ló ní tẹ́lẹ̀?"

"Pupa ni, sà."

"Irú pupa wo?"

Ẹ ò rí i pé wọ́n ti mú ọkùnrin náà níbi tó ti máa ń wú u lórí. Nínú ọgbọ̀n ọdún tó ti ń kun ọkọ̀, kò sẹ́ni tó bi í ní irú ìbéèrè yẹn rí. Inú rẹ̀ dùn, ó dìde, ó lọ ṣí ìdérí kékeré tí wọ́n ti ń rọ epo sínú ọkọ̀ náà. Péńtà kì í kun inú ibẹ̀ àfi tí oníbàárà bá ní kó kùn ún, nítorí náà pupa àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, tó ń tàn yanran nínú oòrùn. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Ó tún fi ìyangàn kún un: "Ẹ wò ó, mi ò fi nǹkan kan pa mọ́. Pupa tí wọ́n po ìyẹ̀fun wúrà mọ́ ni. Ẹni tó ni ín ló ní kí wọ́n pò ó fún òun nìkan. Ẹ ò lè rí èkejì rẹ̀ ní gbogbo Ọ̀ṣun."

Ní Ọjọ́bọ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́ta wọlé tẹ̀ léra látọ̀dọ̀ Ọlọ́runyọmí: "Oṣù wo ló dé ọwọ́ yín?" "Ta ló gbé e wá?" "Ṣé bọ́ńpà iwájú ló bàjẹ́?"

Awóníyì tún àwọn ìbéèrè náà kà. Ta ni ẹni yìí? Ṣé ọlọ́pàá ni? Ṣé Lékan ló ń dán òun wò? Àbí àwọn ará ilé ẹni tó wọ aṣọ yẹn ni? Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pa ìpolówó náà rẹ́ ni ọ̀rọ̀ míì wọlé: "Ẹ gbé e wá sí oríta Ìwàràjà lọ́jọ́ Sátidé. Tí ẹ ò bá wá, èmi á wá bá yín ní Dàda Estate. Mo rí orúkọ ibẹ̀ lára pátákó ojú ọ̀nà tó hàn lẹ́yìn ọkọ̀ nínú fọ́tò yín."

Kò jẹun lọ́jọ́ náà. Nígbà tí Kàósárà bi í, ohun tó fi dáhùn ni pé ó jọ pé ajínigbé ló fẹ́ ra ọkọ̀ náà.

"Bàbá Ikhlas," ni Kàósárà wí, "ojú ọ̀sán ni wọ́n ní kí ẹ wá, oríta tí èrò wà ni. Ẹni tó bá fẹ́ jí èèyàn gbé ò ní máa bèèrè bọ́ńpà. Gbogbo ohun tá a ní ló wà lára ọkọ̀ yẹn. Ẹ̀rù kí ló tiẹ̀ ń bà yín gan-an?"

Ó fẹ́ sọ ọ́. Ikhlas ọmọ wọn, ọmọ ọdún mọ́kànlá, gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé lọ́rùn, Awóníyì sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wa ọkọ̀ náà gba inú Iléṣà kọjá. Gbogbo ẹni tó bá bojú wo ọkọ̀ náà, ó dà bíi pé wọ́n mọ̀. Ní Ìwàràjà, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò pa ẹ́ńjìnnì. Kò pẹ́ tí àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan fi ń bọ̀ tààrà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára jíà. Ọ̀kan nínú wọn tẹ̀ mọ́ fèrèsé, ó rẹ́rìn-ín: "Bọ́dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀." Wọ́n ya fọ́tò wọn, wọ́n bá tiwọn lọ. Òógùn ti mú kí ẹ̀wù Awóníyì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

Ìgbà náà ni obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Kò tíì pé ẹni ogójì ọdún. Ó so ìborùn mọ́rí, ó gbé báàgì ọ̀rá kan lọ́wọ́, ó sì ní kí ọlọ́kadà náà dúró de òun.

"Ẹ kú ìdúró o, ọ̀gá. Èmi ni Ọlọ́runyọmí."

Awóníyì wo orúkọ tó wà lójú fóònù rẹ̀, ó sì tún wo obìnrin náà.

"Orúkọ àbúrò mi ọkùnrin ni mo lò. Wọn kì í dá obìnrin lóhùn tó bá bèèrè irú ọkọ̀ báyìí. Adétutù ni mò ń jẹ́. Ìpérindó ni ulé mi." Ohùn Ìjẹ̀ṣà ló fi sọ ọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí ibi tẹ́ ẹ yà ní fọ́tò."

Awóníyì pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì ṣí ìdérí epo. Adétutù ti ọwọ́ bọ báàgì, ó mú kúlà oúnjẹ kékeré kan jáde, onírin, irú èyí tí ọmọdé máa ń gbé lọ sí ilé ìwé. Ó ti tẹ̀ wọnú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Níbi tó ti tẹ̀ náà, ọ̀dà pupa kan fà lára rẹ̀, kò gùn ju ìka lọ. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdérí epo.

"Péńtà lẹ̀yin. Èmi ò mọ̀ nípa àwọ̀," ni Adétutù wí. "Kúlà yìí ló wà lọ́wọ́ Olúwatóyìn ọmọ mi nígbà tí ọkọ̀ gbá a lọ́nà ulé ùwé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Ọkọ̀ yẹn ò dúró. Àwọn ọlọ́pàá ní láìsí ọkọ̀, kò sẹ́jọ́. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo ti ń wo gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ń tà lórí fóònù. Ẹni tí mo bá sì fi kúlà yìí hàn, á ní pupa pọ̀ láyé. Ẹ bá mi wò ó dáadáa, ọ̀gá. Ṣé ọ̀kan náà ni?"

Pupa pọ̀ láyé. Gbogbo ohun tí Awóníyì ní láti sọ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa já a nírọ́ ní gbogbo Ìwàràjà. Á ti ìdérí náà pa, á wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó di Òṣogbo. Ó tiẹ̀ ti la ẹnu. Àmọ́ oòrùn tàn sára kúlà náà, ìyẹ̀fun wúrà inú ọ̀dà náà sì ń tàn wínníwínní, bó ṣe ń tàn nínú ìdérí epo gan-an. Ojú rẹ̀ kò tan án jẹ rí lórí àwọ̀.

"Ọ̀kan náà ni," ni ó wí. Kò mọ̀ pé ohùn òun lè kéré tó bẹ́ẹ̀.

Adétutù kò pariwo. "Ṣé ẹ rí nǹkan míì?"

"Aṣọ. Ègé aṣọ kan. Àwọ̀ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́."

"Níbo ló wà?"

"Mo dáná sun ún. Ẹ̀rù ló bà mí, màmá. Ẹ foríjì mí, ẹ̀rù ló bà mí."

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. "Èmi ni mo rán aṣọ ulé ùwé yẹn fún un," ni ó wí. "A wá ègé tó ya lára rẹ̀ títí nínú koríko, a ò rí i. Bẹ́ẹ̀ la ṣe sin ín."

Awóníyì lóṣòó sí iwájú rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: Lékan, ẹtu, bọ́ńpà, iná. Nígbà tó parí, Adétutù fi etí ìborùn nu ojú. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà láti òwúrọ̀," ni ó wí. "Mo rò pé tí mo bá mú kúlà yìí jáde, ẹ lè fi ọkọ̀ gbá èmi náà. Ṣé ẹ máa sọ ohun tẹ́ ẹ sọ yìí fún àwọn ọlọ́pàá ní Iléṣà?"

Awóníyì mi orí pé òun á sọ ọ́.

"Mi ò lè wọ inú ọkọ̀ yìí o," ni Adétutù wí. "Ẹ máa lọ níwájú. Ọ̀kadà á máa tẹ̀ lé yín."

Bí wọ́n ṣe bọ́ sọ́nà Iléṣà nìyẹn. Bí Awóníyì ṣe tẹ iná, ọkọ̀ náà bẹ́ síwájú. Iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ṣáà ni, òun ló ní kí wọ́n tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tò. Ó wo dígí, ọ̀kadà náà ti kéré. Ó ya kọ́nà kan, kò rí i mọ́. Ọ̀nà dá níwájú rẹ̀. Kò sí ọ̀kadà tó lè lé irú ọkọ̀ yìí bá ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ọ̀nà Òṣogbo sì ń bẹ níwájú. Ó fojú inú rí Kàósárà níbi tó jókòó sí, tó ń retí owó. Ó rí ara rẹ̀ lẹ́yìn irin. Ẹ̀rù bà á, ó sì tún tẹ iná sí i.

Ìgbà náà ló rántí pé ẹni tó gbá ọmọ náà, bó ṣe ṣe gan-an nìyẹn, pẹ̀lú ọkọ̀ yìí kan náà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó dúró, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó sọ̀ kalẹ̀ síta gbangba kí ẹni tó bá ń bọ̀ lè rí i. Ìṣẹ́jú kan kọjá, méjì kọjá, ọ̀nà ṣófo. Ẹ̀rù míì wá dé bá a, èyí tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, pé obìnrin náà ti rò pé òun sá lọ, ó sì ti padà sílé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn padà sí kọ́nà náà, lẹ́yìn náà ó ń sáré.

Ó gbọ́ ìró ọ̀kadà kó tó rí i. Adétutù jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó di kúlà náà mọ́ àyà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Awóníyì na ọwọ́ sókè sí wọn. Ó padà sínú ọkọ̀, ó sì wà á díẹ̀díẹ̀ níwájú wọn títí wọ́n fi wọ Iléṣà.