Kọ́kọ́rọ́ Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Àwọn Ọmọdé

Àwọn tó mọ Sàlímọ́tù ní Isuada mọ̀ pé kì í wá ìjà kiri. Ìkàrẹ́ ni wọ́n bí i sí. Kàsúmù ọlọ́kadà ló fẹ́ ẹ wá sí Isuada, ó sì ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó ní ilé ìwòsàn kan l'Ọ́wọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ló sọ ọ́ di oníjà. Ibtisam jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, kíláàsì kìíní ló wà ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan nítòsí ilé wọn. Ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé kì í mu omi tó ń gbé lọ sílé ẹ̀kọ́ mọ́. Nígbà tó yá, ó di pé ó ń sunkún tó bá fẹ́ tọ̀.

"Ó ń ta mí, Màámi."

Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò nílé ìwòsàn bi í bóyá ó máa ń mú ìtọ̀ mọ́ra. Ibtisam wolẹ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fáwọn lóòjọ́, ní aago mẹ́wàá. Ẹni tó bá tún tọrọ ààyè lẹ́yìn ìyẹn, ìkúnlẹ̀ ni. Ọjọ́ tí òun tọ̀ sára, olùkọ́ ní kí gbogbo kíláàsì máa pe òun ní "Atọ̀ọ́lé!"

Kàsúmù ní kí àwọn kọ lẹ́tà. Sàlímọ́tù fa ìborùn sórí, ó di ilé ẹ̀kọ́.

Ìyáàfin Oyèkẹ́, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, kò ní kó jókòó.

"Òfin ni, Ìyá Ibtisam. Tá a bá ṣí i sílẹ̀, wọn á dọ̀tí rẹ̀. Ẹ kọ́ ọmọ yín kó máa mú un mọ́ra."

Ilẹ̀kùn kékeré kan ṣí sílẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tábìlì rẹ̀, ọṣẹ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì omi wà níbẹ̀. Sàlímọ́tù nawọ́ sí i.

"Tiyín ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti wọ ibẹ̀ láti àárọ̀? Ta ló ní kẹ́ ẹ kúnlẹ̀?"

"Ẹ ṣọ́ ẹnu yín! Tó bá dùn yín tó bẹ́ẹ̀, ẹ wá máa fọ̀ ọ́ fún wọn. Ṣebí iṣẹ́ yín nìyẹn."

"Iṣẹ́ mi ni. N kò sì tí ì ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni rí."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ń kan ilẹ̀kùn àwọn òbí kiri. Àwọn kan ní kó má ba ilé ẹ̀kọ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n Babátọ́pẹ́ wẹ́dà, tí Tèmítáyọ̀ ọmọ rẹ̀ náà ń tọ̀ sára, tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́bọ̀, àwọn òbí mọ́kànlá ló wọlé tọ ọ̀gá lọ.

"Ẹ ṣí i lónìí," Babátọ́pẹ́ wí, "àbí ká kó àwọn ọmọ wa lọ."

Ọ̀gá bú wọn, ó pè wọ́n ní ará oko. Àfìgbà tó rí i tí wọ́n ń kó báàgì àwọn ọmọ wọn jáde ló ju kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́lẹ̀. Sàlímọ́tù ṣà á, ó ṣí ilẹ̀kùn. Òórùn lé gbogbo wọn sẹ́yìn. Ìdin kún ilẹ̀, kò sí ẹ̀kán omi kan nínú dúrọ́ọ̀mù.

"Àbí ẹ rí i?" Sàlímọ́tù wí. "Kì í ṣe pé àwọn ọmọ á dọ̀tí rẹ̀. Wọn ò fẹ́ fọ̀ ọ́ ni!"

Babátọ́pẹ́ gba òòlù lọ́wọ́ káfíńtà tó ń tún àga ṣe nínú ọgbà, ó fi gbá irin tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn náà já pátápátá. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti fọ ibẹ̀, omi sì wà. Ibtisam lo oògùn, ara rẹ̀ yá.

Ṣùgbọ́n olùkọ́ yẹn kò tíì bẹ ọmọ náà títí di òní. Ìyáàfin Oyèkẹ́ a máa gbójú kúrò lára Sàlímọ́tù, àwọn òbí tí kò bá wọn lọ sì ń pè é ní ìyá oníjà. Kàsúmù ní kó gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Kò gbàgbé. Gbogbo àárọ̀ Ajé, kó tó lọ síbi iṣẹ́, á wọ ọgbà ilé ẹ̀kọ́, á wo ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bóyá ó ṣì wà ní ṣíṣí, á sì jáde láìkí ẹnì kankan.