Adágún Tí Kọ̀ǹpútà Mi Kò Rí

Iṣẹ́ mi ni kí n kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe máa dá omi mọ̀ fúnra rẹ̀ nínú àwòrán rédà. Sátẹ́láìtì ló ń ya àwòrán náà láti òkè, ìkùukùu kì í sì í dí i lójú. Ó ń ta ìtànṣán sílẹ̀; èyí tó bá ta sórí igi tàbí ewé, díẹ̀ a padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Èyí tó bá ta sórí omi tó tẹ́jú, ó lọ nìyẹn. Ibi tó bá ti dúdú nínú àwòrán, omi ni.

Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún ìyá mi nílé wa l'Ómù-Èkìtì, ó ní, "Uṣẹ́ rẹ yìí dáa. Bá mi wo adágún bàbá rẹ."

Ọdún tí wọ́n fẹ́ra ni àwọn méjèèjì fi ọwọ́ ara wọn sé odò tó gba inú oko wa kọjá. Bàbá mi ti dolóògbé. Orúnkún ìyá mi kò sì gbé e dé oko mọ́. Mo fi ìgbéraga ṣí kọ̀ǹpútà. Ó ti kun gbogbo omi tó rí láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́ ní búlúù, ṣùgbọ́n kò kun nǹkan kan nínú oko wa.

"Ó ti gbẹ, Màámi," mo wí. Ẹnu mi yá jù, ó ń dùn mí títí dòní.

Ó ti abọ́ oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Uṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó kù fún mi nìyẹn," ó wí.

Ilẹ̀ mọ́, mo gun ọ̀kadà lọ sóko. Òṣíbàtà ti bo gbogbo adágún náà, ewé lórí ewé, koríko gíga láàárín wọn. Mo tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, omi mù mí dé orúnkún. Ewé ni kọ̀ǹpútà mi rí, tó fi pè é ní ilẹ̀. Mo dúró sínú omi náà, mo sunkún bí ọmọdé.

Mo já ewé kan, ó ń ro tótó títí mo fi délé. Mo kúnlẹ̀, mo fi lé ìyá mi lọ́wọ́. "Ẹ má bínú, Màámi. Omi wà. Òṣíbàtà ló bò ó."

Ó fi ewé tútù náà kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀rín àti ẹkún dà pọ̀ lójú rẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí o ti wọ ilé-ìwé ni mo ti ń gbàdúrà pé kí o lékè bí òṣíbàtà," ó wí. "Kí lo rò pé ó wà lábẹ́ rẹ̀?"