Onígbàjámọ̀ Tó Bá Ẹ̀fọn Ṣọ̀tá

Àwọn èèyàn ò mọ ọ̀rọ̀ sọ mọ́ láyé ìsinyìí. Ẹni tó bá kú, wọn ò ní í sọ pé ó kú, wọ́n á ní ó "lọ sinmi." Ohun tí wọ́n ń sọ fún mi nípa ọkọ mi nìyẹn. Sinmi kẹ̀? Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ á máa jó lábẹ́ tábìlì! Tó bá jẹ́ lóòótọ́ ló ń sinmi níbi tó wà, á jẹ́ pé kò sí ẹ̀fọn níbẹ̀.

Onígbàjámọ̀ ni, yàrá iwájú ilé wa ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ àdúgbò ò pè é ní onígbàjámọ̀, Ọ̀tá Ẹ̀fọn ni wọ́n ń pè é. Gọ́tà ẹ̀yìn ilé wa kì í gbẹ, ibà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àkọ́bí wa lọ́wọ́ wa. Ọjọ́ tí ọmọ yẹn dìde lórí ẹní ni bàbá ẹ̀ kéde ogun.

Ọ̀rọ̀ oyin ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́. Ó se ewé tíì, efinrin àti èèpo ọsàn pọ̀, ó sẹ́ omi ẹ̀ sínú àdí àgbọn, ó ní ẹ̀fọn ò ní sún mọ́ wa mọ́. Kò sì sún mọ́ wa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ní nǹkan náà ń tètè nù kúrò lára, ló bá da oyin sí i kó lè lẹ̀. Ó fi pa gbogbo ilé látorí dé àtàǹpàkò. Ká tó palẹ̀ oúnjẹ alẹ́ mọ́, èèrà ti tò wọlé lọ́wọ̀ọ́wọ́. Àwọn ọmọ ń fò sókè, èmi ń fi ìgbálẹ̀ na ara mi.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ wo ohun tẹ́ ẹ fi wá ṣe!"

Òun náà ń fi ẹ̀yìn họ ara ògiri. "Ẹ̀fọn ńkọ́?"

"Kò sí ẹ̀fọn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń ṣẹ́gun ọ̀tá."

Ẹ ẹ̀ tíì gbọ́ ti onílé wa. Ó wá fá orí, orí ń dán bí ìsàlẹ̀ ìkòkò tuntun. Kó tó dìde, ọkọ mi ti bu oògùn tó rẹ kànáfùrù sí, ó fi ra orí ọ̀hún. Abẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá níbẹ̀ o! Onílé fò kúrò lórí àga, ó sáré jáde tòun ti aṣọ tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn.

"Orí mi ń jó o! Ẹ gbà mí!"

"Ẹ fara balẹ̀, ọ̀gá. Ṣé ẹ̀fọn kankan bà lé yín?"

"Èwo ni yóò bà lé iná?"

Kò pẹ́ púpọ̀, onílé padà wá, ó fi ìgò òfìfo pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Ó ní ìyàwó òun ló rán òun.

Ìwọ̀n ni kò ní. Ọmọ wa obìnrin bi í pé, "Bàbá, ṣíbí mélòó lẹ ń bù sí i?" Ó wò ó títí. "Ṣé ṣíbí ní imú ni?" Imú ló fi ń se é, imú ló sì bá lọ.

Ìgò kan péré ló ṣẹ́ kù, ó wà lójú fèrèsé mi. Mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ìgbà tí ọkàn mi bá fà sí i, mo máa ń tú ìdérí ẹ̀, mo máa ń gbóòórùn ẹ̀, mo sì máa ń dé e padà kíá. Ni ọmọ ọmọ mi bá bímọ, ni òjò bá dé. Ẹ̀fọn sọ ojú ọmọ tuntun di nǹkan mìíràn.

"Màmá àgbà, ẹ jẹ́ ká lo tinú ìgò yìí."

"Tó bá tán ńkọ́? Kí ni n ó máa gbóòórùn?"

Ó gbé ọmọ sún mọ́ mi. Ọmọ ló ń ké.

Ni mo bá gbé ìkòkò kaná fúnra mi. Ewé tíì rèé, efinrin rèé, èèpo ọsàn rèé, àdí rèé. Mo gbóòórùn ẹ̀, kì í ṣe òun. Mo fi kànáfùrù sí i, kì í ṣe òun síbẹ̀. Èmi ò sì lè fi ohun tí mi ò dá mọ̀ sára aṣọ ọmọ.

Mo mú búrọ́ọ̀ṣì ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, èyí tó fi ń gbọn irun kúrò lọ́rùn àwọn oníbàárà, kí n fi gbá ewé orí tábìlì dànù. Páúdà àtijọ́ tó wà nínú ẹ̀ bú jáde, ó dà sọ́wọ́ mi tí àdí ti rin. Yéè! Òórùn tí mò ń wá nìyẹn, àfi bíi pé ọkọ mi dúró sínú yàrá.

Páúdà! Látorí ọrùn èèyàn ló ń ki ọwọ́ bọ ìkòkò. Àṣírí tó fi ń ṣe fọ́ńté kiri àdúgbò, ọwọ́ àìfọ̀ ni! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, omi náà kò sì tètè gbẹ.

Mo gbé ìgò ojú fèrèsé fún ọmọ ọmọ mi. Mo ní etí aṣọ ọmọ ni kó máa fi í sí, bí ọkọ mi ti ń ṣe fún ọmọ ọwọ́, kó má fi pa á lára. Tèmi ló wà nínú ìkòkò. Ní ìrọ̀lẹ́, tí mo bá para tán, mo máa ń gbọn búrọ́ọ̀ṣì yẹn díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, màá gbé e símú, màá ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ̀fọn ò jẹ wá lónìí o. Ẹ̀yin nìkan ló kù tí—"

"Màmá àgbà! Ọmọ ti jí o, ẹ bá mi gbé e!"

Mò ń bọ̀! Ohun tí mo ń sọ fún un ni pé òun nìkan ló kù tó ń jẹ mí lọ́kàn.