Yàrá Ìyá Mi Di Yàrá Bátìrì

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá wa kọ́ sí Ìgándò ti gbó. Òrùlé ń jò, ògiri ti là, àwọn ayálégbé sì ti kó jáde tán. Ìyá mi nìkan ló kù ní ìsàlẹ̀, nínú yàrá tó kọjú sí igi àgbálùmọ̀, nítorí orúnkún rẹ̀ kò gba àtẹ̀gùn mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó kọ́ nípa ilé kíkọ́ lókè òkun, ló gbé àwòrán dé. Ó ní a ò ní wó ilé náà, ṣe la máa pín in sí fúláàtì kéékèèké. Fèrèsé á kọjú síra kí afẹ́fẹ́ lè máa gba inú ilé kọjá, omi òjò á máa ti orí òrùlé sàn sínú táńkì, sólà á máa fún gbogbo ilé níná. Ẹnikẹ́ni ò sì ní tan jẹnẹrétọ̀ nínú ọgbà náà. Inú mi dùn. Èmi gan-an ni mo bá a bẹ ìyá wa.

"Ẹ lọ máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Ìkòtún títí a ó fi parí," ló wí fún un. "Yàrá yín ò lọ síbì kankan, Màmá."

Èmi ni àbúrò náà. Yàrá kan àti pálọ̀ ni mo háyà ní Ìkòtún, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì wà lábẹ́ fèrèsé wa. Tí wọ́n bá ti tan án nírọ̀lẹ́, èéfín á kún inú ilé, ìyá mi á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ẹ̀gbọ́n mi ní ká wá wò ó. Kí n má parọ́, ilé náà dára. Inú rẹ̀ tutù bí ẹni pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Wọn ò tilẹ̀ gé igi àgbálùmọ̀, nítorí ibòji rẹ̀. Ìyá mi lọ tààrà sí yàrá rẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn. Bátìrì sólà ló kún ibẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè.

"Ibẹ̀ ló tutù jù, Màmá," ẹ̀gbọ́n mi sọ. "Bátìrì ò fẹ́ ooru. Àwọn fúláàtì ìsàlẹ̀ ti gba èèyàn, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà lókè fún yín."

Ìyá mi wo àtẹ̀gùn, ó wo ìta. "Ó dáa," ló wí. "O ṣá rí àyè fún igi."

Mo yarí. "Bọ̀dá, ẹ mọ̀ pé wọn ò lè gòkè!" Ó ní òun á wá nǹkan ṣe sí i. Kò ṣe nǹkan kan. Àlejò ló ń kó wá, tó ń fi ilé tí kì í ba afẹ́fẹ́ jẹ́ hàn wọ́n.

Ní Sátidé kan, ìyá mi ní kí n mú òun lọ wo ilé. Ọmọbìnrin kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ yọjú ní géètì.

"Ẹ káàsán, mà. Ta lẹ̀ ń wá?"

Mo fẹ́ dáhùn, ìyá mi fọwọ́ kàn mí. "A ò wá ẹnikẹ́ni, ọmọ mi. A ṣi ilé yà ni."

Kò tún sọ̀rọ̀ ilé náà mọ́. Ọ̀dọ̀ mi ló wà, tòun ti ikọ́ yẹn, títí ó fi kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá máa gbé fúláàtì òkè, pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á tù mí lára. Mo ní ó ṣeun. Ìkòtún ni mo ṣì ń gbé.