Kànáfùrù Inú Palt Tyra

Ẹ ti mọ̀ mí. Bí mo bá ní yìnyín ga dé orókùn, ọrùn ẹsẹ̀ ló dé. Bí mo bá ní ẹja tí mo pa gùn tó ọkọ̀ ojú omi, ẹ lọ mú àwo kékeré wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Tyra Lundmark yìí, n kò ní fi iyọ̀ sí i. Iyọ̀ tí mo fi sí i lẹ́ẹ̀kan ló bà á jẹ́.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Tyra fi dáná ní ilé-ìwé Granliden, abúlé wa ní àríwá. Èmi Einar ni mo ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, tí mo ń la igi, tí mo sì ń tún àga tí àwọn ọmọ bá ṣẹ́ ṣe. Obìnrin kúkurú ni, apá rẹ̀ le bí ti agégẹdú. Sixten ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, wọn kò sì bímọ. Ọgọ́ta ọmọ ọlọ́mọ ló ń bọ́ lójúmọ́. Bí ó bá ti di Ọjọ́rú, palt ni.

Palt kì í ṣe oúnjẹ oge. Ọ̀dùnkún tútù ni a ń rin, a ó pò ó mọ́ ìyẹ̀fun ọkà bálì títí yóò fi ki, a ó ṣù ú, a ó fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ sí i nínú, ó di inú omi gbígbóná. Bí ó bá dórí àwo, a ó là á, a ó ki bọ́tà sí i láàárín. Ẹni tó bá jẹ mẹ́ta, kó yáa wá ibi sùn sí. Ní Granliden, a kì í tìtorí òṣèlú jà. Palt ìyá ta ló dára jù la fi ń yan ara wa lódì.

Àṣìṣe ló sọ ti Tyra di àrà ọ̀tọ̀. Ní ọdún kan, nígbà tí Kérésì ku díẹ̀, ó ń po bísíkíìtì aláta tí à ń jẹ lásìkò ọdún, ó sì ń gé ẹran palt lórí tábìlì kan náà. Ló bá da kànáfùrù tó lọ̀ fún bísíkíìtì sórí ẹran. Kànáfùrù nínú palt! Bí ẹni da ọṣẹ sínú kọfí ni. Kò sí ẹran mìíràn nílẹ̀, àwọn ọmọ sì ti ń fi ṣíbí lu àwo. Ó fi ara rẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ó sè é. Àwọn ọmọ náà lá àwo títí òdòdó tí wọ́n yà sára àwo fi ṣí kúrò. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí òdòdó dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n lá a.

Láti ìgbà náà, ìwọ̀n tí ìka méjì lè mú ló ń fi sí i. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ìwé oúnjẹ tí ìjọba ìbílẹ̀ fún un kò ní kànáfùrù. Èmi nìkan ni mo rí i, tàbí bí mo ṣe rò nìyẹn.

Ó ní, “Einar, bí o bá lanu sọ ọ́, o ò ní tọ́ palt wò mọ́ láyé ẹ.”

Mo ní, “Tyra, ẹnu tó kún fún palt báyìí, báwo ni n ó ṣe là á?”

Ọmọ kan wà tó ń jẹ́ Rikard, ọmọ àwọn Nyman ìsàlẹ̀ odò. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti sá jáde lọ ṣeré nínú yìnyín, òun á dúró lẹ́nu fèrèsé tí a ti ń gba oúnjẹ, á na àwo.

“Ṣé ó kù?”

“Ó kù fún ẹni tó bá mọ ọpẹ́ dá.”

Nílé-ìwé wa, ọmọ kò gbọdọ̀ dìde láì wí fún alásè pé, “Ẹ ṣé fún oúnjẹ.” Rikard á sọ ọ́ wàràwàrà, á gba ẹ̀ẹ̀kẹrin. Ebi ń pa á lóòótọ́. Alfhild, ìyá bàbá rẹ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, obìnrin tí omi pàápàá ń jóná mọ́ lọ́wọ́ ni. Inú agolo ni gbogbo oúnjẹ ilé wọn ti ń jáde.

Nígbà tó yá, ilé-ìwé kógbá sílé, ilé ìdáná Tyra di ibi tí wọ́n ń kó ọkọ̀ orí yìnyín sí. Ojú òun náà wá ń ṣe bàìbàì. Ní gbogbo Sátidé, mo máa ń lọ ka ìwé ìròyìn fún un, a ó mu kọfí, n ó sì máa bu iyọ̀ sí ohun tí mò ń kà. N ó ní mínísítà kan jábọ́ sínú adágún. N ó ní òtútù ti mú àwọn ẹja, wọ́n ń wúkọ́ lábẹ́ omi. “Irọ́ ni!” á wí, á rẹ́rìn-ín, á tún bu kọfí fún mi.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kẹta, mo rí àwòrán Rikard nínú ìwé ìròyìn. Ó ti di ọ̀gá alásè ní Stockholm, olú-ìlú wa, ilé oúnjẹ rẹ̀ ti gba àmì ẹ̀yẹ, palt sì ni àwọn èèyàn ń tìtorí rẹ̀ tò sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Kí n tó ka ibẹ̀ síta, mo wojú Tyra. Ó ti gbé ife sílẹ̀, ó na ọrùn bí ẹyẹ. Ahọ́n mi bá yọ̀.

Mo ní, “Rikard ní, ‘Obìnrin tó ń dáná fún wa nílé-ìwé Granliden ló kọ́ mi ní palt. Bí ó bá ṣì wà láyé, àga rẹ̀ ń dúró dè é níbí.’”

Mo dúró kó ní irọ́ ni. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó fa èémí sínú lẹ́ẹ̀kan, bí àwa ará àríwá ti ń ṣe dípò ká sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, “Ó rántí.”

Ó yẹ kí n sọ òtítọ́ lójú ẹsẹ̀. Kọfí ni mo mu.

Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ó wọ ẹ̀wù òtútù tó fi sìnkú Sixten, ó ká ìwé ìròyìn náà sínú àpò, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ wọ reluwé, òun nìkan, ẹni tí kò kọjá Umeå, ìlú ńlá ìtòsí wa, rí. Mo ní kí n bá a lọ.

“Ìwọ? Ṣé wọ́n pè ọ́ ni?”

Ohun tó sọ fún mi nígbà tó dé nìyí, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Ọ̀sán ló débẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ fi í sí tábìlì kékeré lẹ́bàá ibi tí àwọn oníbàárà ń fi ẹ̀wù kọ́.

“Ṣé ẹ̀yin nìkan ni, Màmá?”

“Èmi nìkan. Palt ni kó o gbé wá.”

“Palt Ìyá Àgbà! Ẹ máa gbádùn ẹ̀ gan-an. Ṣé ẹ ti jẹ ẹ́ rí?”

Tyra ní òun ti jẹ ẹ́ rí.

Ẹyọ kan ṣoṣo ni, kékeré bí ẹyin, lórí àwo tó fẹ̀ bí pápá. Ó là á, ó ki bọ́tà sí i. Kó tó gbé e dẹ́nu ló ti gbóòórùn rẹ̀. Kànáfùrù. Ìwọ̀n ìka méjì, kò lé, kò dín. Ó ní omi bọ́ lójú òun sínú àwo, òun sì fi palt nù ún jẹ.

Nígbà náà ni Rikard jáde láti ilé ìdáná, ó ń kí àwọn oníbàárà láti tábìlì dé tábìlì. Ó dé ọ̀dọ̀ Tyra.

“Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ṣé ó dùn?”

“Ó dùn. Kànáfùrù yìí, ta ló fi hàn ọ́?”

Ó gbóhùn sókè kí àwọn tó wà nítòsí lè gbọ́. “Gbogbo èèyàn ló ń béèrè! Alfhild ni, ìyá bàbá mi. Ẹ̀gbẹ́ ààrò rẹ̀ ni mo dàgbà sí.”

“Alfhild,” ni Tyra wí. “Ṣé ẹ ò jẹ palt nílé-ìwé ni?”

“Ilé-ìwé kẹ̀! Màmá, omi ìṣanwọ́ ni wọ́n ń bù fún wa. Ebi ilé-ìwé ló sọ mí di alásè!”

Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín débi tó ń nu ojú.

Tyra gbójú sókè, ó jẹ́ kí Rikard wo òun dáadáa. Ojú Tyra kò ríran jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀n apá kan ló wà láàárín wọn. Ó ní òun rí ìgbà tí Rikard dá òun mọ̀. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wá ẹ̀yìn àga dì mú.

“Ẹ máa gbádùn oúnjẹ yín, Màmá,” ni Rikard wí. Ó yí sí tábìlì kejì, ó tún bẹ̀rẹ̀: “Ìyá bàbá mi, Alfhild…”

Mo pariwo mọ́ Tyra. “O ò sì sọ nǹkan kan? O ò na ìka sí i?”

“Kí n dìde níwájú àlejò máa yin ara mi? Mo jẹ ẹ́ tán. Mo lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo ní, ‘Ẹ ṣé fún oúnjẹ.’ Ó kẹ̀yìn sí mi. Kò dáhùn.”

Ó yọ ìwé ìròyìn jáde, ó tẹ́ ẹ síwájú mi.

“Kà á fún mi, Einar.”

“Èyí tá a ti kà?”

“Kà á.”

Mo kà á bó ṣe wà. Mo dé ibi ìyá bàbá, mo dúró.

“Máa bá a lọ. Ó ku obìnrin ilé-ìwé.”

“Tyra…”

“Ọmọbìnrin kan kà á fún mi nínú reluwé nígbà tí mò ń bọ̀. Mo ní kó tún un kà, ó rò pé etí mi ló di. Rikard jí palt mi. Ìyẹn, mo lè gbé e mì, torí ó fẹ́ràn ẹ̀. Ìwọ lo rán mi lọ wò ó.”



Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, ó ránṣẹ́ pè mí wá jẹ palt. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré, mo rò pé ó ti dárí jì mí. Ó gbé mẹ́ta síwájú mi, wọ́n tóbi bí orí ọmọ ìkókó, kò sí àsọdùn níbẹ̀. Mo la àkọ́kọ́, mo ki bọ́tà sí i, mo fi sẹ́nu. Mo fi ahọ́n wá a títí. Ọ̀dùnkún ni. Iyọ̀ ni. Ẹran ni. Irú palt tí gbogbo ilé ń sè ni.

“Ṣé ó dùn?” Fèrèsé ló kọjú sí.

Mo fa èémí sínú. Mo jẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán, mo dìde bí ọmọ ilé-ìwé, mo ní, “Ẹ ṣé fún oúnjẹ.” Kò dá mi lóhùn.

Kò fi kànáfùrù sí palt mọ́ títí tí a fi sin ín. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́ palt Tyra wò lónìí, Stockholm ni kó lọ, kó sì ní ti Alfhild lòun fẹ́.