Ọdún Tí Wọ́n Ń Sanwó fún Dókítà Lórí Àrùn Ìgbàgbé

Ọdún tí ìjọba ní àwọn yóò máa sanwó fún dókítà àdúgbò lórí gbogbo ẹni tó bá rí pé ó ní àrùn ìgbàgbé, ọdún náà gan-an ni mò ń wá ẹni tí yóò sọ fún mi pé ìyá mi ní in. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kó ní in. Ó ti ní in, mo sì mọ̀. Ṣùgbọ́n bí dókítà kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá mi tọ́jú rẹ̀ lọ́sàn-án kí n lè lọ síbi iṣẹ́.

Èmi àti Mummy nìkan là ń gbé fúláàtì wa ní Thamesmead West, nílùú òyìnbó. Iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni mò ń ṣe ní ilé ìwòsàn kan lápá Woolwich Common. Mo lè ti ibi iṣẹ́ dé kí n bá gáàsì tó ń jó lábẹ́ ìkòkò òfìfo, kí Mummy sì jókòó ní pálọ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù àwọ̀sùn, kó máa retí bàbá mi, tí a ti sin ní Ìjẹ̀bú tipẹ́tipẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí lójoojúmọ́. Ó sì rẹ̀ mí dé eegun.

Bọ̀dá mi, àkọ́bí Mummy, ń gbé ní Belvedere, ọkọ̀ ẹrù ló ń wà. Inú rédíò ọkọ̀ ló ti gbọ́ ọ̀rọ̀ owó náà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi dé ṣọ́ọ̀ṣì wa, nínú ilé ìkẹ́rùsí tí a háyà, àwọn ará ti ń sọ ọ́ lẹ́nu pé àwọn òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn àgbàlagbà. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ni létí tiwa. Ẹni tó bá fi orí ìyá rẹ̀ gbowó, a mọ orúkọ tí à ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé.

Bọ̀dá mi sọ fún mi pé, “Nobody máa fi orí Mummy gba money, not while I'm alive. Ṣé o gbọ́?”

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ìrànlọ́wọ́ ni mò ń wá. Ó ní ta ló dàgbà tí kì í gbàgbé nǹkan. Ọkùnrin tó ń gbàgbé ibi tó páàkì mọ́tò sí ló wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ìrántí.

Nígbà tí a máa lọ rí dókítà, ó wọ kóòtù Sunday rẹ̀, ó ní òun ni àkọ́bí, òun ni yóò ṣe ògbufọ̀, torí gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ sá kúrò lẹ́nu Mummy. Dókítà náà jẹ́ òyìnbó ọ̀dọ́mọkùnrin, onísùúrù ni. Mummy kí i dáadáa, ó ṣàdúrà fún un, fún ìyàwó àti àwọn ọmọ tí kò mọ̀ bóyá ó ní. Lẹ́yìn náà ni dókítà béèrè ọdún tí a wà.

Mummy ronú, ó ní ọdún tí à ń kan òrùlé ilé wa ni. Bọ̀dá mi yanu, ó sì fi gẹ̀ẹ́sì dárúkọ ọdún tó tọ́. Dókítà béèrè oṣù. Mummy ní òjò kò tíì rọ̀. Bọ̀dá mi dárúkọ oṣù. Dókítà nawọ́ sí mi, ó béèrè ẹni tí mo jẹ́. Mummy ní nọ́ọ̀sì ni mí, ọmọ dáadáa ni mí. Bọ̀dá mi ní, “She says that's my last born.”

Báwo ni mo ṣe fẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi ní òpùrọ́ níwájú àlejò, tí ìyá tó bí àwa méjèèjì sì jókòó síbẹ̀? Nígbà tí mo wá sọ pé kì í ṣe ohun tí Mummy wí nìyẹn, bọ̀dá mi wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ó fi gẹ̀ẹ́sì sọ pé dókítà kúkú mọ ohun tó máa rí gbà níbẹ̀. Ojú dókítà pọ́n bíi tòmátì. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó ní òun kò ní fipá mú ìdílé kankan, kí a padà wá nígbà tí ohùn wa bá ṣọ̀kan. Owó tí wọ́n ní àwọn yóò fún un kó lè máa kọ ọ́ ni kò jẹ́ kó lè kọ ọ́.

Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì títí a fi délé. Mummy ń béèrè ẹni tó nà mí.

Bọ̀dá mi mú un lọ sí Belvedere kó lè fi hàn mí pé kò sí nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí Mummy fi ṣílẹ̀kùn jáde nígbà tí bọ̀dá mi ń wẹ̀. A wá a títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn ọlọ́pàá rí i láàárín àwọn ọkọ̀ ńlá lẹ́bàá odò, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀, ó ní òun ń wá ọ̀nà Ìjẹ̀bú. Orí títì ni mo ti bá bọ̀dá mi, géńdé ọkùnrin, tó jókòó tó ń sunkún. Ó ní, “Call doctor yẹn. Kó kọ ọ́. Kí wọ́n san án fún un.”

Lọ́tẹ̀ yìí tí a padà sọ́dọ̀ dókítà, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jábọ́ lẹ́nu Mummy ni bọ̀dá mi ṣe ń túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò mìíràn, dókítà sì kọ ọ́. Mo béèrè ẹni tó ń bọ̀ wá tọ́jú Mummy ní Mọ́ńdè. Ó wo ilẹ̀, ó fún mi ní nọ́ńbà kan tí mo lè pè. Mo pè é. Wọ́n ní èrò pọ̀ níwájú wa, kí n ní sùúrù. Orúkọ àìsàn ni wọ́n sanwó fún. Kò sí ẹni tí wọ́n sanwó fún láti jókòó tì í.

Ní Mọ́ńdè, Mummy ti padà sọ́dọ̀ mi, ìsinmi tí mo gbà níbi iṣẹ́ ti tán, bọ̀dá mi sì ti gbé ẹrù lọ sọ́nà jíjìn. Mo fún Mummy lóúnjẹ, mo ti gáàsì pa, mo jáde, mo sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láti ìta. N kò tíì dé ibi àtẹ̀gùn tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó wà nílé onílé.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níta, ẹ bá mi ṣílẹ̀kùn. Ọmọ mi ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, kò ní mọ ibi tí mo wà.”

Mo padà, mo gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn. Mo sọ fún un pé ọmọ yín ń bọ̀, Mummy, kò ní pẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní bí mo ṣe dúró ti òun yìí, kí Ọlọ́run bá mi tọ́jú ìyá tèmi náà.

Mo ní àmín, mo sì lọ síbi iṣẹ́.