Bàbá Tépù Wọn Ara Rẹ̀

Ogójì ọdún ni àbúrò ìyàwó mi fi ń wọn ènìyàn kiri kó tó rántí pé òun náà ní èjìká. Aránṣọ ni. Kóòtù àti ṣòkòtò ló ń rán, tépù kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó ń gbé e jókòó ti oúnjẹ, ó ń gbé e lọ sí báńkì, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Bàbá Tépù. Kó tó kí ẹ tán, ojú rẹ̀ ti wọn ìbàdí rẹ.

Láti ilé rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù, kìlómítà mọ́kànlá ni, kẹ̀kẹ́ ló sì ń gùn lọ, tó ń gùn bọ̀. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ akẹ́rù o. Kẹ̀kẹ́ eré-ìje ni, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bí ìwo àgbò. Ó rà á lọ́wọ́ tíṣà kan tó ga bí òpó iná, nígbà tí ìyẹn ń kó kúrò nílùú. Mo ti bi í rí pé kí ló dé tí kì í wọ bọ́ọ̀sì.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, láti àárọ̀ ni wọ́n ń pè mí: ẹ dín in, ẹ fẹ̀ ẹ́, ẹ gé e. Orí kẹ̀kẹ́ nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í ti í pè mí."

Lọ́dún tó kọjá, ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìka kékeré àti èyí tó tẹ̀ lé e ni, lọ́wọ́ méjèèjì. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó ń tó wákàtí kan kí ìka náà tó mọ̀ pé òun wà lára ẹnì kan. Lọ́jọ́ kan abẹ́rẹ́ gún un, kò mọ̀, àfi ìgbà tó rí ẹ̀jẹ̀ lára kóòtù funfun oníbàárà. Owó ara rẹ̀ ló fi ra aṣọ mìíràn rọ́pò. Aránṣọ tí kò mọ ìgbà tí abẹ́rẹ́ gún un, kí ló kù tí yóò mọ̀?

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

"Bàbá, ẹ ta kẹ̀kẹ́ yẹn. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ń wá irú ẹ̀."

"Ẹsẹ̀ mi lo fẹ́ tà yẹn."

"Ẹsẹ̀ yín kọ́ ló ń rán kóòtù. Ọwọ́ yín ni."

Wọ́n bá ṣe àdéhùn lójú mi: bí oṣù méjì bá pé, yóò sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, yóò sì ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá rí i ṣe, kẹ̀kẹ́ di ti ẹni tó ń wá a.

Kí ni ọkùnrin yìí wá ṣe? Ó ra ìjókòó kẹ̀kẹ́ tó nípọn bí tìmùtìmù. Ó ra ìbọ̀wọ́ onífóòmù. Ó wé aṣọ mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ní ìpele mẹ́ta, ó sì rán etí rẹ̀ dáadáa. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ìka kú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìdí náà sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Mo ṣírò ohun tó ná: ì bá ra bàtà ọdún mẹ́ta. Mo sọ fún un, ó ní kí n má dá sí i.

Ìyá Sípánà ló dá sí i. Obìnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ nìyẹn. Ó fi àtàńpàkò tẹ ìjókòó náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Tépù, ṣé orí ẹ̀ lẹ máa ń sùn ni?"

"Má fi mí ṣẹ̀sín. Ìka mi ló ń kú."

"Ẹ jẹ́ n bi yín. Bí kóòtù bá tóbi ju oníbàárà lọ, tí èjìká ẹ̀ já wálẹ̀, ṣé fóòmù lẹ máa kì sínú ẹ̀?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Màá tú u ni, màá tún un gé."

"Ta ni wọ́n gé kẹ̀kẹ́ yìí fún?"

Bàbá Tépù wo kẹ̀kẹ́ náà láti ọwọ́ dé ìjókòó. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi ń wọ kóòtù tíṣà kiri! Ó yọ tépù lọ́rùn, ó na orí kan sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dì í mú." Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tí wọ́n ń wọn òun náà nìyẹn. Èjìká rẹ̀ jẹ́ íńṣì mẹ́rìndínlógún. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ jẹ́ méjìdínlógún. Ó ń nà gbọọrọ kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè kàn án, àtẹ́lẹwọ́ ló sì wá ń ru gbogbo ara.

Ó ní kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìyá Sípánà kọ̀.

"Ẹ̀yin náà máa ń fi òwú lẹ aṣọ ná kẹ́ ẹ tó rán an. Bí a bá yí gbogbo ẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan, báwo la ṣe máa mọ èyí tó wò yín sàn?"

Ẹni tó lè tà, tí kò tà, ó ṣọ̀wọ́n. Mo bọ̀wọ̀ fún un láti ọjọ́ náà.

Ọrùn kẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ yọ, ìyẹn irin tó so ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́ ara rẹ̀. Ó mú àlòkù kan nínú àpótí, tó fi ìbú ìka méjì kúrú sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀yìn Bàbá Tépù ti rọ̀, ṣùgbọ́n ìka kò jí. Ìyá Sípánà wá fi ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó ṣe déédéé èjìká rẹ̀ sí i. Ìka kan jí lọ́tùn-ún, ọ̀kan jí lósì. Àwọn kékeré kò mira. Ó dá ìjókòó àtijọ́ padà. Ìdí jí.

Ó ku táyà. Ìyá Sípánà tẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí. "Ó le bí òkúta."

"Líle ló ń jẹ́ kó sáré."

"Lójú títì tó dán ni. Ṣé títì yín dán?"

Títì wọn kò dán. Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ débi pé àlẹ̀mọ́ pọ̀ ju títì lọ, gbogbo gbágungbàgun rẹ̀ ló sì ń gba ọrùn ọwọ́ Bàbá Tépù kọjá. Obìnrin náà fi táyà tó fẹ̀ sí i, ó sì dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá Tépù sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà, ó rò pé táyà ti jò ni. Ó fi ìṣẹ́jú méjì pẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń ráhùn. Mo ní, ta ni yóò fi ìka mẹ́rin ra ìṣẹ́jú méjì?

Oṣù méjì pé. Ọmọ rẹ̀ dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó mú abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín jù nínú àpótí bàbá rẹ̀ dání. Bàbá Tépù dé, ó gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó gba abẹ́rẹ́. Ó fi itọ́ pa ẹnu òwú, ó tì í. Kò wọlé. Ó tún tì í, kò wọlé. Mo wo ọmọ yẹn, mo rí i pé kò mí. Òun náà kò fẹ́ jàre. Bàbá Tépù na abẹ́rẹ́ jìnnà sí ojú, ó sì tì í lẹ́ẹ̀kẹta. Ó wọlé.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, Bàbá!"

Ó ń wo ojú ọmọ rẹ̀, ó ń fi ìka kékeré àti àtàńpàkò ta kókó sí ìdí òwú náà láìwò ó. Kókó náà kéré bí ẹyin èèrà.

"Ìka rèé," ó ní. "Ojú ló ń darúgbó. Gíláàsì ni kó o bá mi rà, má ta kẹ̀kẹ́ mi."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí, ó mú fóònù, ó pe ẹni tó fẹ́ rà á.

"Ẹ má bínú, sà. Kẹ̀kẹ́ yẹn ò lè gbà yín mọ́. Bàbá mi ti gé e kúrú."